Èéjí Àbúrò Mi

Nílé wa, kí a tó rí àbúrò mi obìnrin la ti máa ń gbọ́ ọ. Mímí rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, a ó gbọ́ ọ bí ẹni tó ń wọ́ ìtì igi bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbálẹ̀ lásán ló mú lọ́wọ́. Ẹnu ló fi ń mí. Imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò ṣe iṣẹ́ kankan fún un. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá wa ló ti ń la ẹnu sùn. Nígbà tó fi di ọmọ tó lè ru omi, ẹnu náà kò tíì padé.

Abúlé wa kò jìnnà sí Odòmẹ́ta, lórí ilẹ̀ pupa Kétu, níbi tí omi ti jìn sísàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòtò omi tó wà nítòsí ilé á gbẹ, àwọn ọmọbìnrin á sì máa rìn lọ sí adágún kí oòrùn tó mú. Wọ́n á kọrin lọ, wọ́n á kọrin bọ̀. Àbúrò mi kò lè kọrin kó tún máa rìn. Èyí tó bá mú nínú méjèèjì, ó di dandan kó fi ìkejì sílẹ̀. Bí igbá omi bá wà lórí rẹ̀, á dúró lábẹ́ igi, á la ẹnu, á máa mí, ètè rẹ̀ á gbẹ títí á fi bó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í dúró dè é.

Wọ́n á ní, "Ìwọ, ti ilẹ̀kùn ẹ, eṣinṣin fẹ́ wọlé wá sùn."

Òun náà á ní, "Ẹ jẹ́ kó wọlé. Ó sàn jù yín lọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Kò sí ẹni tó lè fi ẹnu bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé ilé, kì í bá wa jẹun pọ̀. Ẹni tó ń fi ẹnu mí kò lè pa ẹnu jẹun. Bó ṣe ń jẹ náà ni á máa mí, oúnjẹ á máa hàn lẹ́nu rẹ̀, ariwo á máa jáde. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, á gbé abọ́ rẹ̀, á lọ jókòó sẹ́yìn àká àgbàdo, á kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa.

Ní lékọ́ọ̀lì, ilé ìwé tí wọ́n ṣí lẹ́yìn òmìnira, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tísà fi í sí. Lójú tísà, ọmọ tó bá la ẹnu sílẹ̀, nǹkan kò lè wọ orí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ náà kì í rí oorun sùn, pé èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun títí yóò fi ta jí bí ẹni tó bọ́ sínú omi. Èmi náà ti jókòó lórí irú àga yẹn rí, kí bàbá wa tó kú. Mo kọ́ Faransé tó tó láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn àti láti gbọ́ ohun tó bá fi dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ́ dé ọwọ́ mi, mo sì di ọkùnrin ilé.

Ìyá wa ti ṣe gbogbo èyí tó mọ̀. Ó fún omi ewé efinrin sí i nímú. Ó yọ́ òrí, ó fi pa á ní ihò imú. Ọmọ á sín, á sunkún, imú á ṣí díẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti tún dí. Ìyá bàbá wa ní kí wọ́n fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n nìyẹn," ó ní. "Ta ló fẹ́ tún un mọ?"

Àbúrò bàbá wa obìnrin, tó ń ta abọ́ tánganran ní Àjàṣẹ́, ló ní òun mọ ẹni tó lè tún un mọ. Ó wá kí wa lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Ó jókòó ti ọmọ náà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, kò sì lè parí ẹ̀kọ tó ń jẹ.

"Ìyàwó mi," ó sọ fún ìyá wa, "ṣé báyìí ló ṣe ń mí láti àárọ̀?"

"Báyìí ló ṣe ń mí láti ọjọ́ tí mo ti bí i."

"Dókítà eyín kan wà lọ́dọ̀ wa. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ni o, òkè òkun ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ń fi irin la àjà ẹnu àwọn ọmọ. Ọmọ oníbàárà mi kan ṣe é, ó ti ń fi imú mí."

Ìyá bàbá wa rẹ́rìn-ín. "Imú ló dí, ọ̀dọ̀ eléyín lẹ ń gbé e lọ. Tí orúnkún bá ń dùn mí, ẹ ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ nìyẹn."

Síbẹ̀ a lọ, èmi àti àbúrò mi. A gun ọkọ̀ akẹ́rù lórí àpò àgbàdo dé Pọ́bẹ̀, a wá wọ ọkọ̀ ojú irin. Àbúrò mi di ọ̀pá ojú fèrèsé mú, ó la ẹnu sí atẹ́gùn gbogbo ọ̀nà, eruku sì pa eyín rẹ̀ láró. Mo ní kó kọjú sínú. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń fi ipá wọlé fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀, kí n jẹ́ kí òun gbádùn ẹ̀.

Dókítà náà kò gùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ èdè Gùn sí àbúrò bàbá wa, tí à ń pè ní ìyá Àjàṣẹ́, ó ń sọ Faransé sí mi, kí èmi lè sọ ọ́ fún ìyá wa bí a bá délé. Ó fi àtàǹpàkò kan àjà ẹnu àbúrò mi, àtàǹpàkò náà sì rì wọnú rẹ̀. Ó pè mí kí n wò ó. Àjà ẹnu náà ga, ó sì há, bí ọ̀nà tí òjò gbẹ́ láàárín òkè méjì. Àwọn eyín òkè fún mọ́ra, òmíràn gun ẹ̀yìn òmíràn.

Ó bi mí pé, "Ṣé ilé yín ní àjà?"

Mo ní ó ní, ibẹ̀ la ń kó iṣu sí.

"Bí àwọn pákó àjà bá tẹ̀ sókè láàárín, ṣé àyè máa wà lókè fún iṣu?"

Mo ní kò ní sí.

"Àjà ẹnu ni ilẹ̀ imú. Tirẹ̀ há, ó sì ga wọ inú imú lọ. Mo fẹ́ fẹ̀ ẹ́. Egungun méjì ló pàdé láàárín níbẹ̀, wọn kò tíì lẹ̀ nítorí pé ọmọdé ni. Bó bá dàgbà, wọ́n á lẹ̀, a ò sì ní lè ṣe é mọ́."

Ó bu nǹkan kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù sí i lẹ́nu láti fi gba àwòrán ibẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, irin náà ti wà nílẹ̀. Àwa là ń pè é ní irin, ṣùgbọ́n irin kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, ó bá àjà ẹnu rẹ̀ mu bí èèpo ẹ̀pà ṣe ń bá ẹ̀pà mu. Wọ́n là á sí méjì láàárín, wọ́n fi ìdè kékeré kan tó ṣeé yí so ó pọ̀. Okùn irin tín-ínrín kan gba iwájú eyín kọjá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ ihò tí a sì yí i, apá méjèèjì á sún díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n á sì máa ti egungun.

Dókítà ní kí n máa yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó ní kí ọmọ máa lò ó tọ̀sán-tòru, àfi bó bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé.

"Àlàfo kan á ṣí láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má bẹ̀rù. Egungun ló ń là. Àlàfo yẹn á padé. Ṣùgbọ́n kó má yọ irin yìí o. Ṣé ẹ mọ ògiri amọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ? Ẹ kì í yọ igi tí ẹ fi tì í kó tó gbẹ. Kó máa lò ó títí ọdún á fi yípo, kí ẹ sì gbé e padà wá bá mi kí iṣu tuntun tó jáde."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa bó ṣe sọ ọ́. N kò fi ọ̀kan pamọ́.

Nílé, ìyá bàbá wa wo ẹnu ọmọ, ó mi orí. "Ṣé ẹṣin ni, tí ẹ fi kó ìjánu sí i lẹ́nu?"

Ìyà jẹ ọmọ náà níbẹ̀rẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fọ́, iyán ń há sábẹ́ irin. Ó máa ń fi pákò fọ̀ ọ́, á sì gbé e sínú igbá omi kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ìyá wa ní kí a máa yí i ní ọjọ́ ọjà, nítorí pé ọjọ́ ọjà kì í sọnù mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Kí ìyá wa tó gbé ẹrù sórí, àbúrò mi á gbé orí lé itan mi, á la ẹnu sí oòrùn, màá wá ihò náà, màá yí i.

"Ó ń fún mi níbí," á wí, á sì fi ọwọ́ kan àárín ojú rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra."

"Mo ń rọra."

"Ọwọ́ yín kò mọ̀ pé ẹ ń rọra."

Ọjà ń lọ, ọjà ń bọ̀. Nígbà tí ó yá, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá wa ń ro ọbẹ̀, ni àbúrò mi jáde láti inú ilé, ó di imú mú.

"Kí ló kú?"

Ìyá wa ní kò sí ohun tó kú, irú ni òun fi sọ́bẹ̀.

"Ṣé báyìí ni irú ṣe máa ń rùn?"

Ìyá wa jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń jẹ irú, kò gbóòórùn rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbóòórùn kiri bí ajá ọdẹ. Ó gbóòórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò kọ́kọ́ fọ́n. Ó gbóòórùn aṣọ bàbá wa tó wà nínú àpótí, ó ní ó ń rùn bí ewé tábà, ìyá wa sì yí ojú kúrò.

Ó sì wá di pé ó jókòó tì wá. À ń bó àgbàdo, ó ń jẹ èyí tí a sun, èmi sì ṣàkíyèsí pé nǹkan kan dákẹ́. Mo wò ó. Ẹnu rẹ̀ padé. Ó ń jẹun, ẹnu rẹ̀ sì padé, imú rẹ̀ ń mí jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, á ṣí i.

Nígbà tó wá rẹ́rìn-ín sí mi, mo rí i. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ya ara wọn. Èéjí ti ṣí.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ wa mọ ohun tí èéjí jẹ́. Dókítà pè é ní àlàfo, bí ẹni ń pe ihò ara aṣọ. Àwa kò ní irú ojú yẹn láti fi wò ó. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ilé eṣinṣin di ọmọ tí àwọn obìnrin ń dá dúró lọ́nà ọjà.

"Rẹ́rìn-ín kí n rí i."

"Háà, ẹ wò ó. Ó gún régé."

Obìnrin aládùúgbò wa kan, tí eyín rẹ̀ fún mọ́ra bí ọkà bàbà, gbé ìjókòó wá bá mi. Ó ní, "Bàbá kékeré, ṣé irin yẹn gba ẹnu àgbà? Fi kọ́kọ́rọ́ ẹ kan tèmi náà wò, ọkọ mi ń wo ìta." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kò sí ẹni tó ń pè mí sí nǹkan kan rí ju oko lọ, wọ́n wá ń sọ pé ọwọ́ mi ló la èéjí.

Ìyá bàbá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di àgbọ̀n ọmọ mú, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyá mi rèé. Èéjí rẹ̀ nìyí. N kò rò pé mo tún lè rí i kí n tó kú." Láti ọjọ́ náà kò pe irin ní ìjánu mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ kò kúrò lórí mi. Mo rán wọn létí. Mo ní àlàfo yìí á padé, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá wa gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Á padé?"

"Á padé. Ìyẹn kò burú lójú àwọn dókítà."

"Kí ló máa pa á dé?"

N kò mọ̀. Ìyá bàbá wa ló tọ́ka sí okùn irin tó gba iwájú eyín kọjá. "Òun nìyẹn. Ẹ ò rí i bó ṣe di eyín mú bí ẹni di igi? Ohun tó ń là á lẹ́yìn ti ṣe tirẹ̀. Ti iwájú yìí ló fẹ́ pa á dé. Ọkọ mi, wò ó dáadáa."

Mo wò ó dáadáa. Lójú tèmi náà, òótọ́ ló sọ. Okùn irin náà tẹ eyín méjèèjì láti iwájú. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́ báyìí títí ọdún á fi yípo, kí ni kò ní pa á dé?

"Mímí rẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá wa wí.

"Kò ha ti ń mí?" ni ìyá bàbá wa wí. "Ẹ gbọ́ ọ. Ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan?"

Gbogbo wa fetí sílẹ̀. A kò gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò mi jókòó láàárín wa, ó pa ẹnu mọ́.

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí?"

Èmi ni mo lọ Àjàṣẹ́. Èmi ni mo gbọ́ Faransé. Mo rántí ògiri tútù àti igi tí a fi tì í, mo sì mọ ọ̀rọ̀ ògiri, mo ti mọ ògiri rí. Ṣùgbọ́n mo wo èéjí náà, ó dára púpọ̀. Mo ní, "Jẹ́ ká yọ ọ́ ná, ká wo bó ṣe máa rí. Bó bá di dandan, a ó dá a padà." Mo ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, mo yọ ọ́. Ìyá wa fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ funfun dì í, ó gbé e sórí àjà, láàárín iṣu.

Nígbà tí àkókò padà sọ́dọ̀ dókítà tó, iṣẹ́ oko pọ̀, a sì sọ fúnra wa pé a kò ní ẹ̀dùn tí a fẹ́ gbé lọ bá a.

Èéjí náà kò tilẹ̀ dúró dé iṣu tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dínkù. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó máa ń fi ahọ́n wá a. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí fi igi tín-ínrín há a, kó má baà padé, títí ìdí eyín rẹ̀ fi wú. Mo gun àjà, mo gbé irin náà wá. Ó la ẹnu, mo tì í sókè, kò wọlé. Apá kan á bá a mu, apá kejì á gun orí eyín. Mo tún tì í, ẹ̀jẹ̀ jáde, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu mi ti kéré sí i."

Mo yí ìdè rẹ̀ padà sẹ́yìn kó lè há. Bóyá mo yí i jù, bóyá n kò yí i tó. Kò wọlé náà ni.

A ń jẹun ní ọ̀sán kan lẹ́yìn náà. Mo gbọ́ ọ. Kò le, ó kàn dà bí ẹni tó ń fẹ́ iná láti òkèèrè. Àbúrò mi dá òkèlè dúró lọ́wọ́. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn àká. Ẹnikẹ́ni kò pè é padà. Ìyá bàbá wa ń wo ilẹ̀.

A tún gun ọkọ̀ akẹ́rù, a tún wọ ọkọ̀ ojú irin. Dókítà náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìjọba ti gbé e lọ sí òkè lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn ní ó ti padà sí òkè òkun. Ẹni tí a bá ní ìjókòó rẹ̀ yẹ irin wa wò lọ́wọ́, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó dá a padà fún mi.

"Mo lè bá yín yọ eyín," ó ní. "Irú èyí, èmi kì í ṣe é. Ta ló ní kí ẹ yọ ọ́?"

Ìyá Àjàṣẹ́ yí ojú sí mi. N kò túmọ̀ ìbéèrè yẹn fún àbúrò mi. Kò pọndandan, ó ti rí ojú mi.

A dúró de irú dókítà bẹ́ẹ̀ mìíràn. Ìyá Àjàṣẹ́ ń béèrè káàkiri. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ sì ń dàgbà, egungun ibẹ̀ á ti lẹ̀ báyìí bí dókítà ṣe wí. Ìyá bàbá wa ti lọ bá ìyá rẹ̀. Irin náà ṣì wà lórí àjà, aṣọ tó wà lára rẹ̀ ti di pupa nítorí èéfín. Mo máa ń fi ọwọ́ kàn án bí mo bá ń wá iṣu.

Àbúrò mi ti kúrò ní lékọ́ọ̀lì tipẹ́. Gàrí ló ń yan, lábẹ́ ahéré tí mo kọ́ fún un lẹ́bàá oko. Kò fi ẹ̀sùn kàn mí rí. Bó bá fi ẹ̀sùn kàn mí, bóyá màá mọ ohun tí màá sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dárúkọ ìgbà náà. Òjò ń ṣú, ó sì gbé ojú sókè, ó ní, "Ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n sí, òórùn ẹ̀ dùn o. Mo ṣì rántí pé ó dùn. N kò rántí bó ṣe rí mọ́."

Lánàá mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń ti oko bọ̀. Ó tẹ̀ mọ́ ìkòkò gàrí, ó ń rò ó, mo sì ti gbọ́ mímí rẹ̀ kí n tó rí ahéré náà. Èéfín bo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀, ṣé ó ti ń jóná?"

Mo dúró, mo fa imú.

"Ó ti ń jóná díẹ̀," mo ní.

Ó fa igi kan kúrò nínú iná, ó la ẹnu, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.